Asẹ́ Omi Ẹja: Ohun Tó Ń Gbé Inú Rẹ̀ ni Kí Ẹ Tọ́jú

   

Ọ̀rọ̀ asẹ́ omi ẹja ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́sìn ńlá ni. Ẹ yà sí ẹ̀yìnkùlé ní Èjìgbò wa yìí, ẹ ó rí kọ̀ǹkéré ẹja àrọ̀, ẹ ó rí tapọ́líìnì tí wọ́n fi igi gbé ró. Owó tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Àbíjàn fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi gbé òmíràn kalẹ̀ nínú wọn, tí ìyàwó tàbí ìyá àgbà sì ń bójú tó o nílé. Ẹ tún wọ pálọ̀ ẹlòmíràn, ẹ ó bá àpótí dígí tí ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó ní ti ẹ̀yìnkùlé àti àwọn tó ní ti pálọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: asẹ́ wo ni kí n rà? Èsì mi ni pé asẹ́ tí ẹ rà lọ́jà kò tíì di asẹ́. Ìgbà tí ohun abẹ̀mí bá wọ inú rẹ̀, tó ń jẹun níbẹ̀, tó ń bímọ níbẹ̀, ìgbà yẹn ló tó di asẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí, ó mọ èyí tó yẹ kó rà, ó sì mọ bó ṣe máa tọ́jú rẹ̀.

Ojú ń tan ènìyàn jẹ púpọ̀ lórí omi ẹja. Omi tó mọ́ gaara lè pa ẹja kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ sì lè gbà wọ́n títí wọn ó fi tó tà. Ohun tó ń pa ẹja kò ní àwọ̀. Amóníà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti wọ ilé adìẹ tí wọn kò kó ìgbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ojú ń ta á, tí imú ń ta á, ó ti bá amóníà pàdé. Nínú omi, ó lè ti pọ̀ tó láti ṣe ẹja léṣe kí imú wa tó gbọ́ ọ rárá.

Níbo ló ti ń wá? Inú oúnjẹ tí a ń fún ẹja ni. Oúnjẹ ẹja àrọ̀ máa ń ní purotéènì tó tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja máa ń lo díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi dàgbà. Èyí tó ṣẹ́kù ń jáde padà sínú omi, ó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ dáadáa. Kì í sì í ṣe ìgbẹ́ ẹja nìkan ló ń gbé e jáde. Ibi pupa tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja, èyí tó fi ń mí, ibẹ̀ gan-an ni amóníà púpọ̀ jù lọ ti ń jáde. Nítorí náà, bí ẹ tilẹ̀ ń kó gbogbo ìgbẹ́ inú kọ̀ǹkéré ní wákàtí wákàtí, amóníà ṣì ń wọ omi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ mú kọ̀ǹkéré tó gùn ní mítà mẹ́ta, tó fẹ̀ ní mítà méjì, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà kan. Lítà 6,000 ni omi yẹn. Bí ẹ bá ń fún ẹja inú rẹ̀ ní oúnjẹ kílò méjì lójúmọ́, amóníà tó ń wọ omi lọ́jọ́ kan á tó gíráàmù 77. Bí kò bá sí ohun tó ń gbé e kúrò, miligíráàmù bíi 13 ló máa wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú bákan náà. Èyí tó burú gan-an ń pọ̀ sí i bí pH omi bá ṣe ń gòkè. Bí omi bá wà ní pH 7, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa níhìn-ín, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún amóníà náà ló jẹ́ májèlé pọ́ńbélé. Bí pH bá dé 8, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ pH yìí ṣe pàtàkì, a ó tún bá a pàdé nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja òkun.

Ẹja àrọ̀ lágídí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó lè yọ ẹnu sókè omi kó fa afẹ́fẹ́ tí àwa ènìyàn ń mí. Ìdí nìyẹn tí ìyá ẹlẹ́ja fi lè gbé e sínú abọ́ lọ́jà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí yóò sì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Agídí yìí ló sọ wá di aláìbìkítà. A rò pé omi yòówù tó ó. Amóníà kò bìkítà bóyá ẹja ń mí lókè. Á bó ibi tó fi ń mí, á jẹ́ kó máa kọ oúnjẹ, á jẹ́ kí àrùn rí i mú, owó oúnjẹ á sì máa wọ omi lójoojúmọ́ láìsí ìdàgbàsókè. Àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò tilẹ̀ tíì lè mí lókè rárá, inú omi nìkan ni èémí wọn wà.

Ta ló wá lè bá wa gbé amóníà kúrò? Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Sergei Winogradsky, tí wọ́n bí ní ìlú Kyiv, ló fi hàn aráyé ní nǹkan bíi 1890 pé àwọn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé amóníà ni wọ́n fi ń ṣe agbára. Oríṣi méjì ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì tẹ̀ lé ara wọn. Ti àkọ́kọ́ ń jẹ amóníà, ohun tó ń jáde lára wọn ni náìtíráìtì. Ti ìkejì ń jẹ náìtíráìtì yẹn, wọ́n sì ń sọ ọ́ di náìtírétì. Ẹ fetí sí orúkọ méjèèjì dáadáa, nítorí wọ́n jọra létí, ìwà wọn ò sì jọra. Náìtíráìtì ń pa ẹja. Náìtírétì kì í tètè pa á. Oúnjẹ ewéko ni, òun kan náà ló wà nínú ajílẹ̀ tí a ń fọ́n sí oko àgbàdo.

Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú omi. Wọ́n fẹ́ ibi tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́, wọ́n fẹ́ kí omi tó ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn máa ṣàn kọjá lára wọn, wọ́n sì fẹ́ àkókò. Wọn kì í yára bímọ. Láti ìgbà tí omi bá kọ́kọ́ ní amóníà títí di ìgbà tí oríṣi méjèèjì yóò fi pọ̀ tó, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà ni tiwọn.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n kọ́ kọ̀ǹkéré tán, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pọnmi sí i, wọ́n gbé asẹ́ tuntun sí i, wọ́n sì da ọmọ ẹja sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní lọ ní àlàáfíà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í fì sókè omi, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní méjìméjì. Ẹni tó ni wọ́n á ní àwọn ayé ló wọlé wá, tàbí pé ẹni tó ta ọmọ ẹja fún òun ló rẹ́ òun jẹ. Ẹ̀yin ará mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí èyí bá aládùúgbò jà. Ilé asẹ́ yẹn wà, àwọn tó máa gbé inú rẹ̀ ni kò tíì dé. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tètè dé, ẹ lọ bá ẹni tí kọ̀ǹkéré rẹ̀ ti dàgbà, tí ẹja rẹ̀ kò ṣàìsàn, kí ẹ tọrọ òkúta tàbí fóòmù díẹ̀ nínú asẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e wálé nínú omi rẹ̀, kó má gbẹ, kí ẹ kó o sínú tiyín. Kò ní yín lára, ó sì lè gé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kù.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fẹ́ ẹja omi iyọ̀ nínú dígí. Èjìgbò jìnnà sí òkun, àmọ́ àwọn ọmọ Èjìgbò kò jìnnà sí i. Ẹni tó bá ń gbé Treichville ní Àbíjàn mọ òórùn ọ̀sà Ebrié dáadáa, àti láti 1950 tí wọ́n ti la ojú omi Vridi ni òkun ti ní ọ̀nà tààrà wọ inú ọ̀sà náà. Ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀ lè wò ó pé òun á kàn pọn omi ọ̀sà sínú dígí. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ inú ọ̀sà ń lọ sókè sódò, òjò ń là á, ẹ̀ẹ̀rùn ń mú un ki, ìdọ̀tí ìlú ńlá sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Omi òkun gidi máa ń ní iyọ̀ tó tó gíráàmù 35 nínú lítà kan. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú omi òkun ju iyọ̀ ọbẹ̀ lọ: kálísíọ̀mù wà níbẹ̀, magnísíọ̀mù wà níbẹ̀, àti àwọn mìíràn. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n ń rà. Bí omi bá sì fà nínú dígí, omi lásán ni kí ẹ fi kún un, ẹ má fi omi iyọ̀ kún un. Omi ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í lọ. Ẹni tó bá ń fi omi iyọ̀ kún un lójoojúmọ́ ń fi iyọ̀ pa ẹja rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Asẹ́ tiwọn ńkọ́? Òfin kan náà ni, àmọ́ ó le jù níbẹ̀. pH omi òkun máa ń wà lókè 8, nítorí náà amóníà kékeré tí ẹja àrọ̀ lè fara dà lè pa ẹja òkun. Wọ́n wá ní ẹ̀rọ kan tó ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wínníwínní sínú omi, ìdọ̀tí ẹja á lẹ̀ mọ́ ìfófòó yẹn, á gùn ún lọ sókè sínú ife kan, wọn á sì dà á nù kó tó jẹrà di amóníà. Ẹ̀rọ yìí wúlò nínú omi iyọ̀ nìkan, nítorí nínú omi lásán ìfófòó kì í kéré tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í pẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín pé kí ẹ fi sínú kọ̀ǹkéré ẹja àrọ̀, ẹ má rà á.

Èyí tó wù mí jù nínú ọgbọ́n wọn ni ti òkúta. Ní 1961, ọkùnrin kan ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, Lee Chin Eng, kọ̀wé nípa bó ṣe ń sin ẹja òkun pẹ̀lú òkúta abẹ́ òkun àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń hó nínú omi, láìsí ẹ̀rọ ńlá kankan. Òkúta náà ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri ara rẹ̀. Lójú òde ihò, níbi tí ọ́síjìn wà, àwọn kòkòrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń ṣiṣẹ́ tiwọn. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọ́síjìn kò dé, àwọn mìíràn wà tó ń gba náìtírétì, tí wọ́n ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ lásán tó ń bá òfuurufú lọ. Òkúta lásán ni ojú wa máa pè é o! Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará Jámánì mú ọgbọ́n òkúta yìí, wọ́n fi ẹ̀rọ ìfófòó kún un, orúkọ Berlin ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó wà ní Èjìgbò tí ẹja òkun wù ú: kí ó kọ́kọ́ fi ẹja omi lásán kọ́ ọwọ́ fún ọdún kan. Bí iná bá lọ láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹja àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè omi. Ẹja òkun kò ní ibi tó máa yọ ẹnu sí. Owó tó máa wọ omi kò kéré.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà tí omi òkun kọ́ wa tó yẹ kí gbogbo ọlọ́sìn ẹja àrọ̀ mọ̀. Náìtíráìtì tó ń pa ẹja omi lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja òkun ní nǹkan kan. Kí ló fà á? Kìlóráìdì tó wà nínú iyọ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni kìlóráìdì àti náìtíráìtì máa ń gbà wọ ara ẹja. Bí kìlóráìdì bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, náìtíráìtì kò ní rí àyè kọjá. Nígbà tí asẹ́ yín bá wá wà lọ́mọdé, tí náìtíráìtì ń gbilẹ̀, tí ẹ rí i pé ẹja ń mí helehele, tí ẹ ṣí ibi tó fi ń mí wò tí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti dúdú bí omi kókò, iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ni oògùn àkọ́kọ́. Kílò kan sínú omi lítà 1,000. Ẹ pò ó nínú báágẹ́ẹ̀tì ná, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Kò ní pa ẹja àrọ̀ lára. Lẹ́yìn náà ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ sì pààrọ̀ omi. Ẹ má wá da omi oníyọ̀ yẹn sí ìdí ẹ̀fọ́.

Ó wá ku asẹ́ tó yẹ wá níhìn-ín. Ohun méjì ni mo fi ń wọn asẹ́ fún ẹni tó ń gbé Èjìgbò: iná àti omi. Iná ìjọba ń lọ, ó ń bọ̀. Lọ́gbẹlẹ̀, kànga ń fà, ẹni tí kò ní bóhòòlù á sì máa ra omi. Asẹ́ tó yẹ wá ni èyí tí kò ní kú bí iná bá lọ, tó sì máa jẹ́ kí a lo omi kan náà pẹ́. Asẹ́ oníke tí wọ́n dé pa, èyí tó ń wá láti ìlú òkèèrè, dára fún dígí pálọ̀ tí iná rẹ̀ dúró ṣinṣin. Bí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, ọ́síjìn inú rẹ̀ á tán, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi inú rẹ̀ á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nígbà tí iná bá dé, gbogbo ẹ̀gbin yẹn á tú wọ ọ̀dọ̀ ẹja. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, tí iná bá ti pẹ́ kó tó dé, kí ó kọ́kọ́ tú omi inú rẹ̀ dànù kó tó tan án padà.

Èyí tí mo fẹ́ràn fún wa ni asẹ́ àgbá tó ń ro omi láti òkè. Ẹ wá àgbá búlúù oníke, lítà 200, tí kì í ṣe pé kẹ́míkà ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi irin gbígbóná lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ níhò níhò, kí ihò kọ̀ọ̀kan má fi ju ìka ọmọdé lọ. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹkéré, ẹ fi pákó tó nípọn dábùú òkè kọ̀ǹkéré, kí ẹ gbé àgbá náà sórí rẹ̀, kí omi tó bá ń jò nísàlẹ̀ rẹ̀ lè máa kán padà sínú kọ̀ǹkéré. Inú àgbá ńkọ́? Òkúta wẹ́wẹ́ dára, àmọ́ ó wúwo. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ti omi inú ike ló dára jù. Ẹ sọ fún àwọn ọmọdé, wọn á ṣa á fún yín kún àpò. Ẹ fọ̀ wọ́n láìfi ọṣẹ sí i, kí ẹ dà wọ́n sínú àgbá títí á fi kọjá ìdajì dáadáa. Ẹ gbé abọ́ tí ẹ lu bí ajere sórí wọn, ẹ tẹ́ fóòmù sínú abọ́ náà. Pọ́ǹpù kékeré tó wà nísàlẹ̀ kọ̀ǹkéré á máa gbé omi wá sórí fóòmù, fóòmù á gba ìdọ̀tí tó ṣeé rí, ajere á fọ́n omi káàkiri, omi á máa ro sórí ìdérí ìgò, á sì máa gba afẹ́fẹ́ bó ṣe ń bọ̀. Kí gbogbo omi inú kọ̀ǹkéré gba ibẹ̀ kọjá ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí méjì.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ, omi inú àgbá á ro tán, àmọ́ ara ìdérí ìgò á ṣì tutù, afẹ́fẹ́ á sì yí wọn ká. Àwọn kòkòrò tó wà níbẹ̀ kò ní rí amóníà jẹ, wọn kò sì ní kú tán lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá lágbára sólà, kí ó fi kékeré kan ti pọ́ǹpù lẹ́yìn, nítorí epo jẹnẹrétọ̀ á jẹ èrè tán.

N kò ní tàn yín lórí bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ní ìṣirò mi, àgbá kan bẹ́ẹ̀ kò lè gba ju ìdọ̀tí oúnjẹ ìdajì kílò lọ lójúmọ́. Ẹni tó ń fún ẹja ní kílò méjì nílò àgbá mẹ́rin tàbí márùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa pààrọ̀ omi kún un. Oúnjẹ ni kí ẹ fi wọn asẹ́, ẹ má fi iye ẹja wọ̀n ọ́n. Ọgọ́rùn-ún ẹja kékeré kò jẹun tó ogún ẹja ńlá.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ ki ọwọ́ bọ inú àgbá, kí ẹ mú ìdérí kan. Ẹ ó rí i pé ó ń yọ̀, ó ti ní àwọ̀ ilẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àwọn alágbàṣe yín ti dé nìyẹn. Bí òórùn rẹ̀ bá ń bu ni nímú, omi kò ṣàn dé ibẹ̀ ni, ẹ tún ajere ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba nǹkan jẹ́ ni ìtọ́jú, àti pé ìmọ́tótó gan-an ni wọ́n fi ń bà á jẹ́. Wọ́n á kó gbogbo inú asẹ́ síta lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi ẹ̀rọ ṣàn án, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi funfun. Wọ́n ti pa gbogbo ìlú tó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè ohun tó ń pa ẹja. Fóòmù nìkan ni kí ẹ máa fọ̀, omi inú kọ̀ǹkéré fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bù sínú báágẹ́ẹ̀tì kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó tó. Ẹ fi ìdérí ìgò sílẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí wọn, ẹ fọ ìlàjì lónìí, kí ìlàjì tó kù di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má fọ asẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ omi púpọ̀. Lárààárọ̀, ẹ ṣí páìpù ìsàlẹ̀ kọ̀ǹkéré fún bí ìṣẹ́jú kan kí ìgbẹ́ tó ti rọ̀ sílẹ̀ bá a lọ, nítorí ìgbẹ́ tó bá jẹrà níbẹ̀ ń gba ọ́síjìn mọ́ ẹja àti àwọn kòkòrò inú asẹ́ lọ́wọ́.

Omi tí wọ́n fi kìlóríìnì sí ń pa kòkòrò; iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fi í sí i nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àgbá tí kò ní ìdérí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó. Omi bóhòòlù kì í sábà ní kìlóríìnì, àmọ́ kì í ní ọ́síjìn tó, nítorí náà ẹ jẹ́ kó máa já láti òkè bọ́ sínú omi. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù bá ń mú ẹja lówùúrọ̀, ẹ dín oúnjẹ kù. Ẹja kò ní jẹ ẹ́ tán, àwọn kòkòrò inú asẹ́ náà kò sì ní lágbára bíi ti ìgbà ooru.

Èyí tún wà: iṣẹ́ tí àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń ṣe máa ń jẹ agbára omi tí kì í jẹ́ kó kan. Gíráàmù kan amóníà tí wọ́n jẹ, wọ́n á lo ẹfun tó tó gíráàmù méje pẹ̀lú rẹ̀. Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí ẹ kò pààrọ̀ omi, pH á máa wálẹ̀, bó bá sì dé 6, iṣẹ́ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Oògùn rẹ̀ wà nídìí ààrò yín. Ìkarahun ìgbín tí ẹ ti fọ̀ mọ́, tí ẹ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ kó o sínú àpò àwọ̀n, kí ẹ gbé e sábẹ́ ibi tí omi ti ń ro. Á máa yòrò díẹ̀díẹ̀, á sì gbé pH ró.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ líle lórí oògùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹja kan bá ti kọ oúnjẹ, oògùn apakòkòrò tí ènìyàn ń lò ni wọ́n á tú sínú omi, kápúsù lórí kápúsù. Kò dára rárá. Oògùn yẹn kò mọ kòkòrò àìsàn yàtọ̀ sí kòkòrò tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Á pa asẹ́, amóníà á gòkè, ẹja á tún kú, wọn á sì tún ra oògùn sí i. Omi yẹn sì ń ṣàn lọ sí ibi tí ọmọ ènìyàn ti ń pọnmi, àrùn tí oògùn kò ràn mọ́ á sì gba ibẹ̀ wọ àárín wa. Ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó wo oògùn. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ omi láti fi mọ amóníà àti pH kò wọ́n tó ẹja tó ń kú. Bí ẹ kò bá rí i rà, ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nílùú wa níhìn-ín. Ẹ bu omi sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀.

Omi tí ẹ bá sì tú kúrò, tí kò ní iyọ̀ nínú, ẹ má dà á sí gọ́tà ojú ilé onílé. Ọ̀pọ̀ ìjà àdúgbò ni òórùn omi ẹja ti dá sílẹ̀. Ẹ la ojú ọ̀nà fún un lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, sí ìdí ẹ̀gúsí, sí oko àgbàdo. Náìtírétì tí asẹ́ kó jọ, ajílẹ̀ ni fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbíjàn tí ẹ fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sílé fún ọmọ ẹja, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi owó àgbá àti pọ́ǹpù ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ẹ kó ẹja bíi márùn-ún péré sí i kí àwọn kòkòrò lè rí amóníà jẹ, kí ẹ máa fún wọn lóúnjẹ díẹ̀, kí ẹ sì ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ yẹ omi wò. Bí amóníà àti náìtíráìtì bá ti wálẹ̀ tán, ẹ lọ ra ọmọ ẹja yín. Ẹni tó bá fẹ́ tà fún ọdún Kérésì, kó má dúró de oṣù Kẹsàn-án kó tó wá àgbá.